Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àwọn Àwòkọ́ṣe àti Olùtọ́nisọ́nà Láàárín Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn tó ń kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ, sábà máa ń béèrè nípa àwọn tó yẹ kí wọ́n máa wò àti àwọn tó yẹ kí wọ́n súnmọ́. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe gbà wọ́n gbọ́. Mo lo àkókò gígùn lórí àwọn kan, mi ò sì pẹ́ lórí àwọn mìíràn, nítorí pé wọn kò wúwo bákan náà.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwòkọ́ṣe àti olùtọ́nisọ́nà?

Àwòkọ́ṣe ni ẹni tí à ń wò láti òkèèrè, tí ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ kí a gbà pé ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ ṣeé ṣe. Kò mọ̀ wá rárá, ó sì lè ti kú kí wọ́n tó bí wa. Olùtọ́nisọ́nà ní tirẹ̀ mọ orúkọ wa, ó mọ ibi tí ọwọ́ wa kò tíì dúró dáadáa, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wa wí.

Àwọn ọmọ ìyá kan náà, Wilbur àti Orville Wright, tí wọ́n kọ́kọ́ fi bàálù tó ní ẹ́ńjìnnì fò tí wọ́n sì darí rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ní irú ẹni méjèèjì. Otto Lilienthal ará Jámánì ni àwòkọ́ṣe wọn. Ọkùnrin yìí fi ìyẹ́ tí kò ní ẹ́ńjìnnì fò lọ́pọ̀ ìgbà láti orí òkè, títí ó fi já lulẹ̀ tó sì kú ní ọdún 1896. Ikú rẹ̀ ló ta wọ́n jí, ó sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé bí ènìyàn yóò ṣe darí ohun tó ń fò ni ìṣòro tó le jù, ju bí yóò ṣe gbéra lọ. Olùtọ́nisọ́nà wọn ni Octave Chanute, àgbà ẹnjiníà tí Wilbur kọ lẹ́tà sí ní ọdún 1900, tí wọ́n sì jọ ń kọ̀wé sí ara wọn fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó yá, èdèàiyedè wọ àárín wọn, èyí kò sì pa iṣẹ́ tí àwọn lẹ́tà náà ti ṣe rẹ́.

Bí mo bá fẹ́ mọ ìtàn àwòkọ́ṣe kan péré, ta ni kí n kà nípa rẹ̀?

Bessie Coleman ni n óò mú. Wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1892, àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú èékánná ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Chicago, ibẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn awakọ̀ òfuurufú láti ẹnu àwọn tó ti ojú ogun dé. Ó wá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ọ títí, kò rí ọ̀kan tó gbà á, nítorí pé obìnrin ni, aláwọ̀ dúdú sì tún ni. Robert Abbott, tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó kọ́kọ́ kọ́ èdè Faransé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kọkànlá ọdún 1920, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1921.

Lẹ́yìn tó padà sílé tó sì ń fi bàálù dárà fún àwọn èrò, ó kọ̀ láti fò níbi tí wọ́n bá ti ní kí aláwọ̀ dúdú gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó ń mú owó wọlé fún un ló ń kọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni owó náà ló fẹ́ fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò rí ilé-ẹ̀kọ́ náà dá kó tó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1926.

Mo fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kà nípa ikú rẹ̀ náà. Mẹkáníìkì rẹ̀, William Wills, ló ń wa bàálù lọ́jọ́ náà ní Jacksonville ní Florida. Coleman kò so bẹ́líìtì, nítorí pé ó fẹ́ lè na ọrùn wo ilẹ̀ tí yóò fi agbòòrùn ìfò bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Bàálù náà ṣàdédé dojú kọ ilẹ̀, ó sì yí po, Coleman bọ́ síta, ó sì kú. Wills náà kú nígbà tí bàálù já lulẹ̀. Sípánà kan ni wọ́n rí tó há sínú ẹ̀rọ ìdarí. Ẹni tó bá fi Coleman ṣe àwòkọ́ṣe ní òtítọ́ yóò kọ́ ìgboyà rẹ̀, yóò sì tún máa so bẹ́líìtì rẹ̀, yóò máa ka àwọn irinṣẹ́ kí wọ́n tó pa ìdérí ẹ̀rọ dé. Ìfẹ́ tí a ní sí akọni kò gbọdọ̀ dí wa lójú sí ohun tó pa á.

Ní ọdún 1929, William J. Powell dá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ sílẹ̀ ní Los Angeles, ó sì fi orúkọ Coleman pè é. Nígbà tí Mae Jemison di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lọ sí gbalasa òfuurufú ní ọdún 1992, ó mú àwòrán Coleman dání. Jemison kò bá a láyé rárá.

Ṣé dandan ni kí ẹni tí yóò tọ́ mi sọ́nà jẹ́ gbajúmọ̀?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ gbajúmọ̀ níṣẹ́ ni kò gbajúmọ̀. Gbogbo ayé mọ Amelia Earhart, obìnrin àkọ́kọ́ tó dá bàálù fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1932. Àwọn tó mọ Neta Snook, ọ̀dọ́bìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún 1921, kò pọ̀. Chesley Sullenberger, tó gbé bàálù kan bà sórí odò Hudson ní ọdún 2009, kọ́ iṣẹ́ náà ní ọmọ ọdún 16 lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní L. T. Cook, lórí pápá koríko kan ní Texas.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Charles Alfred Anderson. Àwọn olùkọ́ kò fẹ́ gbà á nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó bá yá owó, ó ra bàálù tirẹ̀, ó sì ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ tó ga jù, Ernst Buehl, awakọ̀ kan tó ti Jámánì wá sí Amẹ́ríkà, ló gbà láti kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ìwé àṣẹ náà ní ọdún 1932. Anderson yìí kan náà ló di ọ̀gá olùkọ́ ní Tuskegee, níbi tí àwọn awakọ̀ ogun aláwọ̀ dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ti gba ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 1941 sí 1946. Ní oṣù Kẹta ọdún 1941, ó gbé Eleanor Roosevelt, aya ààrẹ Amẹ́ríkà, fò yípo níbẹ̀, lásìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń jiyàn pé aláwọ̀ dúdú kò lè wa bàálù. Bí Buehl bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ẹni tí ì bá kọ́ àwọn ọmọ Tuskegee.

Kí ni olùkọ́ rere ń ṣe gan-an nígbà tó bá jókòó tì mí nínú bàálù?

Ohun tó ń ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìṣe ló máa ń wú mi lórí jù. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń mú bàálù bọ̀ wálẹ̀. Ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ìwọ̀n ìka mélòó kan péré ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀pá ìdarí. Imú bàálù ti ń lọ sókè jù, eré rẹ̀ ti ń dín kù, akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì rí i nítorí pé ojú ọ̀nà tó fẹ́ bà sí nìkan ló ń wò. Olùkọ́ tí kò ní sùúrù yóò já ọ̀pá gbà. Èyí tó mọṣẹ́ yóò béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Kí ni aago eré wa ń sọ?” Akẹ́kọ̀ọ́ a wo aago náà, a rí i, a sì ti ọ̀pá síwájú díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ti tún ṣe kò ní kúrò lọ́kàn rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ibi kan sì wà tí sùúrù náà gbọ́dọ̀ dópin, olùkọ́ sì ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí bàálù tó gbéra. Bó bá dé ibẹ̀, yóò sọ ọ́ ketekete pé ọwọ́ òun ni ìdarí wà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò sì dáhùn pé ọwọ́ olùkọ́ ló wà, olùkọ́ yóò sì tún un sọ kí ó má bàa sí iyèméjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta yìí dà bí àsọtúnsọ lásán lójú ẹni tó wà nílẹ̀, àmọ́ bàálù tí ènìyàn méjì rò pé ẹnì kejì ló ń wà kò ní awakọ̀ rárá.

Bí wọ́n bá balẹ̀ tán, olùkọ́ rere kì í kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Yóò bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló rí, kí ló ṣe, kí ni ì bá ṣe lọ́nà mìíràn. Ní ọjọ́ kan ṣáá, láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, yóò tú bẹ́líìtì tirẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì ní kó lọ dá a fò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣàkíyèsí pé bàálù náà yá gòkè ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, nítorí pé ẹni kan ti dín nínú ẹrù rẹ̀. Olùkọ́ yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, kò ní gbé ojú kúrò lókè títí bàálù náà yóò fi balẹ̀.

Kí ló yẹ kí n kọ́ lára àwọn akọni bíi Sullenberger?

Ẹ kọ́ ìmúrasílẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2009, agbo ẹyẹ ńlá kọ lu bàálù rẹ̀ kété lẹ́yìn tó gbéra ní New York, agbára ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ péré ló kù kí wọ́n kan omi. Gbogbo ènìyàn 155 tó wà nínú rẹ̀ ló yè. Àwọn ìròyìn gbé orúkọ ọ̀gá awakọ̀ nìkan gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n igbákejì rẹ̀, Jeffrey Skiles, ló ń ṣí ìwé ìlànà tó sì ń gbìyànjú láti tún ẹ́ńjìnnì tan, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù sì ń kó èrò jáde. Sullenberger gan-an kò yé tẹnu mọ́ èyí.

Èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn ju ìyẹn lọ ni ti ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989. Ẹ́ńjìnnì ìdí bàálù DC-10 kan fọ́ lójú òfuurufú lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì gé gbogbo òpó òróró tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Denny Fitch, olùkọ́ àwọn awakọ̀ DC-10, wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọ̀gá awakọ̀, Al Haynes, pé òun wà níbẹ̀ bí wọ́n bá nílò òun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Haynes pè é wọlé, Fitch sì kúnlẹ̀ láàárín ìjókòó àwọn awakọ̀, ó di ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó kù mú, ó ń fi àfikún ọ̀kan àti àdínkù èkejì yí bàálù náà títí wọ́n fi dé Sioux City. Bàálù náà fọ́ nígbà tó kan ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú, ṣùgbọ́n àwọn tó lé ní 180 nínú 296 ló yè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Haynes ń lọ káàkiri, ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé òun nìkan ì bá má lè ṣe é. Ọ̀gá tó mọ̀ pé ọgbọ́n òun kò tó, tó sì gba ti ẹlòmíràn láìjáfara, ni àwòkọ́ṣe tí mo fẹ́ fún gbogbo ọmọ tuntun.

Bí ẹni tí mò ń tọ́ sọ́nà bá ṣe àṣìṣe ńlá, kí ni kí n ṣe?

Ìtàn Bob Hoover ni ìdáhùn mi. Láàárín àwọn awakọ̀, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sí ẹni tó mọ bàálù lò tó o nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta epo sí bàálù ní pápákọ̀ rò pé oríṣi ẹ́ńjìnnì mìíràn ni bàálù Hoover ní, ó sì rọ epo jẹ́ẹ̀tì sínú bàálù tó ń lo epo bẹntiróòlù. Bàálù náà gbéra tán, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì kú. Hoover fi ọgbọ́n rẹ̀ gbé e balẹ̀ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Bàálù bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun àti àwọn méjì tó gbé yè.

Nígbà tó padà dé pápákọ̀, ó bá ọmọkùnrin náà tó dúró, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Hoover gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ kí ọmọkùnrin náà gan-an tọ́jú bàálù òun mìíràn lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ó dá òun lójú pé kò tún ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Hoover kò wá dúró síbẹ̀. Ó lo òkìkí rẹ̀ láti jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ẹnu ọ̀pá epo jẹ́ẹ̀tì ní fífẹ̀, kó má lè wọ ihò táńkì bẹntiróòlù, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn awakọ̀ fi ń pe ẹnu ọ̀pá náà títí di òní. Ó gbé ọmọ náà dìde, ó sì dí ihò tí àṣìṣe náà gbà wọlé. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì kò tíì parí iṣẹ́.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ìbọ̀wọ̀ fún ọ̀gá pọ̀ jù nínú bàálù?

Ó ṣeé ṣe gan-an, ó sì ti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù Boeing 747 méjì kọ lu ara wọn nínú kùrukùru ní pápákọ̀ kan ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Ọ̀gá awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìgba àṣẹ ìgbéra jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì dán igbákejì rẹ̀ wò kó tó lè máa wa irú bàálù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàálù ń sáré lọ, ẹnjiníà inú rẹ̀ béèrè bóyá bàálù kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá náà fi ìdánilójú dáhùn pé ó ti kúrò, kò sì sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Jàǹbá yìí àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀ ló fà á tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ síra wọn nínú yàrá ìwakọ̀, láti nǹkan bí ọdún 1980. Wọ́n ń kọ́ igbákejì láti sọ ohun tó rí láìfi bò, wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá láti béèrè kó tó pàṣẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, bí olùtọ́nisọ́nà yín bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò lè sọ fún pé “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé a ti ṣì í,” ẹ wá ẹlòmíràn, bó ti wù kí wákàtí tó ti fi wa bàálù pọ̀ tó.

Báwo ni mo ṣe lè rí ẹni tí yóò tọ́ mi sọ́nà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ìwọ̀n wákàtí 40 nínú bàálù ni ìlànà àgbáyé béèrè fún ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, ó sì ṣeé ṣe kí olùkọ́ tó bá yín dé ibẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ síbòmíràn kí ẹ tó dé 200. Ẹgbẹ́ wà fún èyí. Àwọn obìnrin awakọ̀ ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Ninety-Nines sílẹ̀ ní ọdún 1929, iye àwọn 99 tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Earhart sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrànwọ́ owó. Fún àwọn ọmọdé, ètò Young Eagles tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 ti gbé ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì fò lọ́fẹ̀ẹ́, bàálù àwọn awakọ̀ tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n sì ń lò.

Bí ẹ bá rí ẹni kan tó wù yín, ẹ má kọ̀wé sí i pé kó jẹ́ olùtọ́nisọ́nà yín. Ìyẹn máa ń wúwo létí àjèjì. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan tó ṣe pàtó, bíi bó ṣe pinnu láti yí padà lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bàjẹ́. Bó bá dáhùn, ẹ lo ohun tó sọ, kí ẹ sì padà wá sọ bó ṣe rí fún un.

Ṣé obìnrin gbọ́dọ̀ wá obìnrin bíi tirẹ̀?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ojú tó rí ẹni bíi tirẹ̀ lórí ìjókòó náà ti rí ẹ̀rí. Nígbà tí Irene Koki Mutungi ti Kẹ́ńyà di ọ̀gá awakọ̀ Boeing 787, àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ̀ rí rí i pé ìjókòó ọ̀gá kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Nínú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ni kí ẹ wá, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Wákàtí mi kò tíì pọ̀. Ṣé mo lè tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ kò bá ti kọjá ààyè yín. Ẹ kò lè kọ́ ènìyàn ní ìwakọ̀ láìní ìwé àṣẹ olùkọ́, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dá bàálù fò ní oṣù tó kọjá ṣì rántí ìbẹ̀rù rẹ̀ dáadáa ju ẹni tó ti dá a fò ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ, ó sì lè jókòó ti ẹni tí ìdánwò rẹ̀ kù ọ̀la, kí wọ́n jọ ka ìwé àyẹ̀wò tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí ó sì sọ òótọ́ fún un nípa ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọsẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó tó àkókò láti fi olùtọ́nisọ́nà kan sílẹ̀?

Bó bá ń fi yín ṣẹ̀sín níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, bó bá ń fo ìwé àyẹ̀wò nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n lórí, tàbí bó bá ń sọ fún yín pé òjò tó ṣú dúdú yẹn kò tó nǹkan, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ní ìbínú nínú: ọjọ́ tí ẹ bá wo ojú ọjọ́, tí ẹ ṣe ìṣirò epo, tí ẹ sì pinnu láti má gbéra, kí ẹ tó rántí pé ẹ kò tíì bi í. Ẹ ṣì lè pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti sọ ìdí tí ẹ fi dúró sílé.